Ọlọ́lá Tí Kò Fẹ́ Kí Wọ́n Wẹ Ẹsẹ̀ Òun

Ẹ jókòó dáadáa, kí ẹ sì na ẹsẹ̀ yín, nítorí ọkùnrin tí ìtàn yìí dá lé lórí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà ní ìjókòó tí wọ́n bá ti ń dárúkọ rẹ̀. A ó dárúkọ rẹ̀ ní ìjókòó lónìí.

Zacchaeus Akíndèjì ni. Nígbà tó wà nípò, bí ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀ lásán, kò ní wo ọ̀dọ̀ yín. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà á délẹ̀: Ọlọ́lá, Alága Pátápátá fún Àjọ Ìlera Ẹlẹ́dẹ̀ Ilẹ̀ Àkókó, Olùbẹ̀wò Ọgbà Gbogbo, Baba Àwọn Ẹlẹ́dẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi èyí tó kẹ́yìn yẹn kún un, kò sì sí ẹni tó láyà láti bi í bóyá ó rò ó dáadáa kó tó kọ ọ́ sára mótò.

Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìkàrẹ́. Àga mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ó sì ní kí káfíńtà gé ẹsẹ̀ márùn-ún kúrú kí tirẹ̀ lè yọ láàárín wọn. Àwòrán rẹ̀ mẹ́rin ló wà lára ògiri. Àwòrán ẹlẹ́dẹ̀ kò sí níbẹ̀, ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa ẹlẹ́dẹ̀ kò sì sí. Akọ̀wé rẹ̀, Clement, iṣẹ́ méjì péré ló ní: kó máa mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ wọ̀ lára nígbàkúùgbà tí ọ̀gá rẹ̀ bá parí gbólóhùn kan, kó sì máa fi aṣọ nu bàtà funfun báláú tí ọ̀gá náà máa ń wọ̀ jáde. Òkè bàtà ni Clement máa ń nù. Abẹ́ rẹ̀ kò kan ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí kò mọ ìdí ilé kálukú ni ìgbéraga bẹ́ẹ̀ lè dẹ́rù bà. Naomi ló bí bàbá Zacchaeus, ní Ìwárò-Ọ̀kà, ẹlẹ́dẹ̀ sì ni Naomi ń sìn lẹ́yìn ilé ìdáná rẹ̀. Abo ẹlẹ́dẹ̀ méjì ni wọ́n tà kí Zacchaeus tó rí yúnífọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ girama wọ̀. Láràárọ̀ ló ń pọn omi fún àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ìyá àgbà kó tó wẹ̀, bó bá sì dé kíláàsì, òórùn wọn á ti ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó ti gbàgbé. Ọ̀kà kò gbàgbé.

Ẹni tó rántí jù ni Bridget. Àbíkẹ́yìn Naomi ni Bridget fẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n sin ín wọlé ọkọ, Naomi ló wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, Zacchaeus tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ló sì gbé abọ́ omi náà dání, tí ikùn rẹ̀ yọ síta, tí inú rẹ̀ ń dùn. Nítorí pé wọ́n ti bí i kí Bridget tó wọlé, ọkọ ló jẹ́ fún un gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, Bridget kò sì yẹ̀ kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ọkọ mi kékeré ló ń pè é, ẹ̀yin ló sì ń lò fún un.

Bridget ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti tú ká. Ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ tó kọ́ sórí ilẹ̀ Naomi ló kù ú kù. Lọ́dún kòrónà, ibà ẹlẹ́dẹ̀ wọ inú ọgbà náà, ibà tí kò ní oògùn, ó sì kó gbogbo ẹran rẹ̀ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó dúró létí kòtò tí wọ́n bò wọ́n mọ́, kò sunkún. Ó ní òun fẹ́ mọ bó ṣe wọlé. Ó bi àwọn dókítà ẹran, ó sì kọ èsì wọn sílẹ̀. Ìdọ̀tí abẹ́ bàtà ló gbé e wá, bàtà oníṣòwò kan tó ti ọgbà mìíràn bọ̀.

Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀, ó gbé òrùlé páànù ga kí ooru lè jáde. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ilé sílẹ̀ gbayawu kí atẹ́gùn lè fẹ́ wọlé, ó da ilẹ̀ ní sìmẹ́ńtì kó rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀ kí ìtọ̀ lè ṣàn lọ, ó sì kọ́ yàrá kan lọ́tọ̀ fún ẹran tó bá ń ṣàìsàn. Ó wá gbé báàfù omi oògùn apakòkòrò sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà òjò tí kì í jáde kúrò nínú ọgbà. Àlejò á bọ́ bàtà tirẹ̀, á wẹsẹ̀, á wọ ti ọgbà. Pásítọ̀ rẹ̀ wẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wẹsẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́tàdínláàádọ́ta ló ní lọ́dún tí à ń sọ yìí, ó sì mọ̀ pé bí ibà bá tún kó wọn lọ, òun kò lágbára à ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta mọ́.

Bí ọ̀rọ̀ Bridget ṣe wà nìyẹn nígbà tí Ọlọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ.

Àṣẹ kìíní: gbogbo ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Àkókó gbọ́dọ̀ ra ìwé ńlá kan tí àlejò yóò máa kọ orúkọ sí, kí wọ́n sì fi ojú ìwé àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún òun. Àlejò gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́, aago, àti ibi tó ti ń bọ̀. Èyí dára o, kí a má purọ́. Kì í ṣe nítorí àìsàn ló ṣe pàṣẹ rẹ̀ ṣá. Ó fẹ́ kí àtọmọdọ́mọ wa mọ ibi tí ẹsẹ̀ òun ti tẹ̀, àti wákàtí tó tẹ̀ ẹ́.

Àṣẹ kejì: kí wọ́n ta aṣọ ńlá tó ní àwòrán òun sí ẹ̀gbẹ́ ilé àwọn ẹlẹ́dẹ̀, kí àwọn ẹran lè mọ ẹni tó ń ronú nípa wọn. Wọ́n ta á. Aṣọ náà dí ojú atẹ́gùn, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ nínú ooru, àwọn ẹran tí kò ní òógùn lára tí wọn ì bá fi tutù. Nígbà tí wọ́n sọ fún Ọlọ́lá, ó ní ìmísí ni wọ́n ń rí gbà. Clement mí kanlẹ̀.

Àṣẹ kẹta ni Ìbẹ̀wò Ọlọ́lá. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, Zacchaeus máa lọ sí Ugbẹ̀, lẹ́yìn náà ọgbà kan ní ìpẹ̀kun Ìkàrẹ́, lẹ́yìn náà Ọ̀bà. Ọ̀kà, ìlú rẹ̀, ló fi ṣe ìkẹyìn, kí èrò lè ráyè pọ̀ níbẹ̀.

Ní Ugbẹ̀, ọgbà Ezekiel ló kọ́kọ́ dé. Àgbẹ̀ oníwà pẹ̀lẹ́ ni Ezekiel. Òun náà gbé báàfù omi oògùn sẹ́nu ọ̀nà, nítorí Bridget ló kọ́ ọ. Ọlọ́lá rí báàfù náà, ó sì dúró gbọnrangandan. Ó bèèrè pé kí ni. Ezekiel ní omi ẹsẹ̀ ni, sà.

Ọlọ́lá yí sí àwọn ọmọ Àjọ mẹ́sàn-án tó tẹ̀ lé e, ó gbé agbádá lé èjìká, ó ní, "Ta ni wọ́n ń wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nílẹ̀ yìí? Ìyàwó ni. Ẹni tí wọ́n bá sì wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé kan, ó ti di ìyàwó ilé náà nìyẹn. Kò lè pàṣẹ níbẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ ni wọ́n máa rán an. Èmi, tí mo ń pàṣẹ fún ẹlẹ́dẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin, ni Ezekiel fẹ́ fi ṣe ìyàwó."

Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ní ẹ̀kọ́ ńlá lèyí. Clement mí kanlẹ̀ débi tí bọ́tìnnì rẹ̀ fi já. Wọ́n gbé báàfù kúrò, Clement sì tẹ àwọn ọgbà tó kù láago pé wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ojú Ọlọ́lá rí irú àrífín bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́lá wọlé tòun ti bàtà. Ezekiel rọra sún mọ́ ọn. Ó ra abo kan lọ́jà lọ́sẹ̀ tó kọjá, láti ìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, abo mẹ́ta kò jẹun láti ìjẹta. Ara wọn gbóná, etí wọn ń pọ́n, wọ́n kàn ń rọ́ jọ sí kọ̀rọ̀ kan ṣáá. Ẹ bá wa pe dókítà."

Zacchaeus tẹ̀ síwájú, ó rìn wọ inú ìgbẹ́ wọn, ó wò wọ́n.

"Ojú ń tì wọ́n ni," ó ní. "Ẹ̀dá tí kò rí ẹni ńlá rí, bó bá rí i, ara rẹ̀ á gbóná, etí rẹ̀ á pọ́n, oúnjẹ kò sì ní wù ú. Clement, kọ ọ́ sílẹ̀."

Clement kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Ezekiel kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ìtìjú, ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án ni wọ́n, gbogbo wọn ló sì ń mi orí.

Ọlọ́lá mú bírò aláwọ̀ ewé, ó sì fi orúkọ oyè rẹ̀ gbogbo kún ojú ìwé àkọ́kọ́. Ní Ìkàrẹ́ ó tún kọ: láti Ugbẹ̀ ni mo ti ń bọ̀, níbi tí ojú mi ti kó ìtìjú bá àwọn ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n ti to àwọn ẹran ibẹ̀ kalẹ̀ bí wọ́n ṣe ga sí dè é, ó sì wọ yàrá kọ̀ọ̀kan kí ẹnì kankan nínú wọn má bàa rò pé òun fojú di í. Ní Ọ̀bà, ó dúró láàárín ẹlẹ́dẹ̀, ó fi wákàtí kan sọ̀rọ̀ nípa ìmọ́tótó. Clement nu òkè bàtà rẹ̀ nígbà mẹ́ta.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Bridget. Èrò ti pé, gẹ́gẹ́ bí Ọlọ́lá ṣe fẹ́. Báàfù náà sì wà níbẹ̀. Bridget gbọ́ àṣẹ Clement lórí fóònù. Ó kàn ní òun gbọ́ ni.

Ó kúnlẹ̀ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní, "Ọkọ mi kékeré, ẹ káàbọ̀. Ẹlòmíì tó bá ti dé ọgbà mìíràn lónìí, mi ò ní jẹ́ kó wọlé rárá. Nítorí tiyín ni mo fi ní kí ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ wẹsẹ̀, kí ẹ wọ bàtà òjò yìí. Mo fọ̀ ọ́ mọ́ fún yín."

Ọlọ́lá tún gbogbo ọ̀rọ̀ ìyàwó náà sọ, èyí tó gùn ju ti Ugbẹ̀ lọ. Bridget gbọ́ ọ tán.

"Ó yé mi," ó ní. "Ẹsẹ̀ èmi náà ni wọ́n kúkú wẹ̀ níbí. Ẹ̀yin lẹ gbé abọ́ omi."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú èrò. Ìyẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Ojú Zacchaeus pọ́n ju etí ẹlẹ́dẹ̀ Ezekiel lọ. Ó ní ṣé obìnrin yìí mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Bridget ní òun mọ̀ ọ́n, òun sì mọ ìyá tó bí bàbá rẹ̀. Kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó mọ ohun tí ọkùnrin náà lè fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n abo mẹ́rin ló wà nínú oyún lẹ́yìn rẹ̀.

Ọlọ́lá kò wọlé. Ó ní kí wọ́n gbé ọ̀dà pupa wá, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára géètì: A TI TI ỌGBÀ YÌÍ PA. ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ WỌLÉ, ẸRAN KANKAN KÒ SÌ GBỌDỌ̀ JÁDE. LÁTI ỌWỌ́ BABA ÀWỌN ẸLẸ́DẸ̀.

Nǹkan wá le fún Bridget. Àwọn oníṣòwò láti Ọ̀wọ̀ rí ọ̀dà pupa, wọ́n yí mótò padà. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ ẹran wá kò yà síbẹ̀ mọ́. Tẹjúmádé, ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó ń yan gààrí, ló ń sá èèpo ẹ̀gẹ́ gbẹ, tó ń ju àpò rẹ̀ sí i láti orí ògiri. Àwọn ẹran ń rù. Lọ́jọ́ kan Tẹjúmádé bẹ̀ ẹ́ láti òde pé kó lọ tọrọ àforíjì ní Ìkàrẹ́, pé omi ẹsẹ̀ kò tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ pàdánù ọgbà. Bridget ní bóun bá tọrọ rẹ̀, ọkùnrin náà á wọlé wá gbà á tòun ti bàtà.

Ẹ wá wò ó. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn abo mẹ́ta Ezekiel tí ojú ń tì ti kú. Kó tó di ọjọ́ kẹwàá, gbogbo ọgbà rẹ̀ ti pa rọ́rọ́. Ìkàrẹ́ tẹ̀ lé e. Ọ̀bà tẹ̀ lé Ìkàrẹ́. Ikú náà ń rìn bí Ọlọ́lá ṣe rìn, láìfo ọgbà kan.

Zacchaeus pe ìpàdé lé ìpàdé. Ní àkọ́kọ́, ó ní atẹ́gùn orí òkè ló fà á. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó ní àárò òun ló ń sọ àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà, pé ìbẹ̀wò kan kò tó wọn. Ó wá pàṣẹ pé kí wọ́n fi aṣọ tó tóbi jù ti tẹ́lẹ̀ lọ rọ́pò àwọn àwòrán òun. Àwọn kan nínú àwọn mẹ́sàn-án ṣì ń mi orí. Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í díbọ́n àìsàn lọ́jọ́ ìpàdé kí wọ́n má bàa wá.

Ìjọba rán dókítà ẹran kan láti Àkúrẹ́. Mọ́nsúrátù lorúkọ rẹ̀, mùsùlùmí tó fi híjáàbù bo orí dáadáa. Zacchaeus rẹ́rìn-ín nígbà tó rí i. Ó bi í pé kí ni tirẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́dẹ̀. Mọ́nsúrátù ní òun kì í jẹ ẹ́, àmọ́ òun mọ ohun tó ń pa á. Ó wá ní òun fẹ́ rí ìwé àlejò gbogbo ọgbà.

Inú Ọlọ́lá dùn gidigidi. Ó rò pé wọ́n fẹ́ lọ tọ́jú wọn sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni. Ó rán mótò lọ kó wọn wá, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì fúnra rẹ̀, ó sì tọ́ka sí ojú ìwé àkọ́kọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí ó kíyè sí bí bírò ṣe hàn kedere ní Ugbẹ̀, kó tó di pé ó rẹ ọwọ́ òun.

Mọ́nsúrátù kà wọ́n jẹ́ẹ́. Ugbẹ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ìkàrẹ́, aago mọ́kànlá, láti Ugbẹ̀. Ọ̀bà, aago kan, láti Ìkàrẹ́. Ó ṣí ìwé Ọ̀kà, ìwé Bridget. Ojú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ funfun, kò sí ohun kan níbẹ̀.

Ó bi í pé, "Ọlọ́lá, ẹlẹ́dẹ̀ mélòó ló kú níbi tí ẹ kò ti buwọ́ lù yìí?"

Clement ṣí ẹnu láti mí kanlẹ̀, ó sì pa á dé. Òun ló dáhùn. Ó ní, "Kò sí, mà." Ẹ rántí ìgbà yẹn; ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó sọ òtítọ́ nínú ọ́fíìsì náà.

Mọ́nsúrátù tún bèèrè ìwé tí Clement máa ń kọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ sí. Ó ka ohun tó wà níbẹ̀ nípa ìtìjú àwọn ẹlẹ́dẹ̀, ó sì kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá ní kí Ọlọ́lá jọ̀wọ́ gbé ẹsẹ̀ sókè, kí òun wo abẹ́ bàtà. Kò sẹ́ni tó bèèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó gbé e.

Wọ́n dúró títí ibà náà fi kásẹ̀ nílẹ̀, títí wọ́n fi yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹran Bridget wò tí ó mọ́. Lóṣù kẹta lẹ́yìn Ìbẹ̀wò náà, Kọmíṣọ́nnà fúnra rẹ̀ ní òun fẹ́ wá wo ọgbà kan ṣoṣo tó kù lójú ọ̀nà Ọlọ́lá. Inú àgbàlá Bridget, lábẹ́ igi máńgòrò tó jìnnà sí àwọn yàrá ẹran, ni wọ́n fi ìpàdé sí. Zacchaeus kọ ọ̀rọ̀ ìkíni olójú ìwé mẹ́rìnlá, nínú èyí tó ti fi hàn pé òun ló dá ẹ̀mí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ Bridget sí, nítorí òun ló ti géètì wọn pa.

Ohun tó ń dunni nínú rẹ̀ ni pé òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀dà pupa náà lé gbogbo bàtà sẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ti ha ọ̀dà náà kúrò. Báàfù wà lẹ́nu ọ̀nà. Mọ́nsúrátù kọ́kọ́ wẹsẹ̀, ó wọlé. Kọmíṣọ́nnà bọ́ bàtà rẹ̀, ó ká ṣòkòtò sókè, ó wẹsẹ̀, ó wọ bàtà òjò, kò sọ gbólóhùn kan nípa ìyàwó. Ezekiel wẹsẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ Ìkàrẹ́ àti Ọ̀bà, àwọn tí Bridget ti ṣèlérí fún pé àwọn ló máa kọ́kọ́ rí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ òun rà. Clement fo wọ inú báàfù pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì bí ẹni tí ń sá fún iná, nígbà tí Kọmíṣọ́nnà sì kí i káàárọ̀, ó mí kanlẹ̀.

Ó wá ku Zacchaeus nìkan níta. Láti ẹnu géètì, ó ń wo lẹ́tà funfun kan lọ́wọ́ Kọmíṣọ́nnà. Orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó dúró nínú oòrùn. Ó wo bàtà rẹ̀. Ó bọ́ ọ̀kan, ó dúró, ó bọ́ èkejì.

Bridget fúnra rẹ̀ ló bu omi náà sí i lẹ́sẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé Naomi, àgbà àti èwe, ti jáde sí ẹ̀bá ògiri. Kò sẹ́ni tó rán wọn níṣẹ́. Tẹjúmádé ló dá orin, wọ́n sì gbè é:

Ìyàwó dé, ẹ bu omi sí i lẹ́sẹ̀,
Ìyàwó dé, ilé ti rí ẹni rán níṣẹ́.

Zacchaeus wọ bàtà òjò, ó wọlé, ó sì ń tú ìwé rẹ̀ mẹ́rìnlá láti kà á. Bridget dúró níwájú rẹ̀. Láti ogójì ọdún ó lé, kò pe ọkùnrin náà ní ìwọ rí.

"Ìyàwó wa," ó ní, "gbé àwọn bébà yẹn sílẹ̀. Omi ẹlẹ́dẹ̀ ti tán. O ṣì mọ ọ̀nà kànga."

Ó wo Kọmíṣọ́nnà. Kọmíṣọ́nnà ń wo igi máńgòrò. Ó wo Clement. Clement ń nu bàtà òjò Kọmíṣọ́nnà, òkè rẹ̀.

Ó gbé korobá. Nígbà tó wà ní kànga ni wọ́n ka lẹ́tà náà, kò sì gbọ́ ọ: pé láti òní lọ, kò sí ipò fún un mọ́ nínú Àjọ náà, pé dókítà Mọ́nsúrátù ni yóò máa bójú tó o, pé báàfù omi ẹsẹ̀ di dandan ní gbogbo ọgbà. Ohun tó gbọ́ ni àtẹ́wọ́. Ó rò pé òun ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún, nítorí náà ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì gbé omi náà bọ̀ tìlọ́látìlọ́lá.

Ó gba àárín wọn kọjá pẹ̀lú korobá lórí. Kò sẹ́ni tó dìde. Ó dé ibi tí abo ńlá kan dùbúlẹ̀ sí tí ọmọ mọ́kànlá ń mu ọmú rẹ̀, ó da omi sí ọpọ́n rẹ̀, ó sì dúró díẹ̀ bóyá ojú yóò tì í.

Abo náà dìde, ó mu omi rẹ̀ tán, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i.